Ohùn Kejì Nínú Ẹsẹ̀ Rélùwéè

Ara ọmọ mi gbóná janjan lẹ́yìn mi nígbà tí rélùwéè tó ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn l'Ábẹ́òkúta dúró ní Ìfọ̀. Bàbá tó ń yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò ń fi òòlù lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ kọ́ọ̀ṣì tí a jókòó sí nínú ọkọ̀ náà, ó rọra lù ú, ohùn kan ṣoṣo ló dáhùn. Mo dúpẹ́ nínú pé irin náà dá ṣáṣá. Ó tún lù ú gidigidi, ni ohùn tín-ín-rín kan bá gun orí ti àkọ́kọ́, bí ọmọdé tó ń gberin lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

"Irin yìí ti sán nínú," ló wí. "Kọ́ọ̀ṣì yìí ò lọ mọ́."

Ọkùnrin kan yọjú lójú fèrèsé. "Bàbá olóòlù, ẹ̀yin náà ẹ má lù ú lágbára, kò ní sọ̀rọ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí ojú máa ń tì láti kí àlejò, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí òkúta ojú irin. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó lọ. Ọmọ mi ń kú lọ."

"Ìyá ọmọ, bí mo bá rọra lù ú, ṣé ọkọ̀ á rọra sáré ni?"

Wọ́n tú kọ́ọ̀ṣì wa kúrò. Àwọn kọ́ọ̀ṣì tó kù ti kún fọ́fọ́. Bàbá náà gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó nà án sí obìnrin kan lójú fèrèsé ọ̀kan nínú wọn. Ọkọ̀ ti ń rìn kí n tó di irin ẹnu ọ̀nà mú, tí mo fi fò wọlé tẹ̀lé ọmọ mi.