Sírájúdéènì àti Àwọn Ẹṣin Kúkúrú Alapoti

Ní Alapoti, bí ènìyàn bá bèèrè ilé Sírájúdéènì, wọn yóò kọ́kọ́ bi í pé ṣé Sírájù ẹlẹ́ṣin ni. Síbẹ̀, kò sí ẹṣin kankan nínú àgbàlá rẹ̀. Inú pápá gbalasa lẹ́yìn ìlú ni wọ́n wà, níbi tí bàbá rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ sí, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n ń kú, láìsí ẹni tó so okùn mọ́ wọn lọ́rùn.

Oríṣi ẹṣin méjì ni Sírájù mọ̀. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn máa ń wá láti Òkè Ọya. Bí òjò Ọ̀tà bá ti pa wọ́n díẹ̀, àìsàn dé. Oríṣi kejì ni tirẹ̀, àwọn kúkúrú oníkùn róbótó, tí irun ọrùn wọn bo ojú, tí ara wọn ti mọ́ eṣinṣin pápá. Wọ́n ní ẹni tó ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ wọn. Àfi bí Sírájù bá mi kánún nínú agolo, tó sì súfèé, wọ́n á sáré wá lá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ra pápá náà, àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi ọ̀kadà lé àwọn ẹṣin kiri títí ó fi sú wọn. Ni Tahir, ọmọ àbúrò Sírájù, tó jẹ́ alábòójútó níbẹ̀, bá wá.

"Bàbá, ẹ bá wa pè wọ́n. Àtàn la ń kó wọn lọ. Koríko pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ."

Hàlímọ̀tù, ìyàwó Sírájù, ń to abọ́ rọ́bà tó fẹ́ lọ tà. "Pápá ta ni ní Àtàn? Bàbá Ruqoyah, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó ná."

"Ọmọ tí mo sọ lórúkọ ni kí n máa tọ pinpin bí ọlọ́pàá?"

Ní ilé wọn, àbùkù ni kí àgbà lọ yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ ilé wò lójú àjèjì. Sírájù mi agolo, ó súfèé. Àwọn abo ẹṣin ló ṣáájú, àwọn ọmọ tẹ̀ lé wọn, wọ́n bọ́ sínú ọgbà pákó.

"Ladáànì ẹṣin!" ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo. "Bàbá pè, gbogbo jàmáà dáhùn!"

Sírájù náà rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ pa wọ́n lórí bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ akẹ́rù.

Lọ́sàn-án, Hàlímọ̀tù rí ọkọ̀ náà ní Ṣàngó Toll Gate. Wọ́n ti kọjá Àtàn tipẹ́. Ó sáré bi awakọ̀ pé ibo ló ń lọ.

"Ọ̀dọ̀ alápatà ni, Ìyá. Ṣé kí n fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún yín ni?"

Hàlímọ̀tù sáré wá sọ fún ọkọ rẹ̀. Sírájù kò pariwo nígbà tó lọ bá Tahir nílé.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Bàbá, ọ̀gá ló yí ohùn padà…"

"Ìgbà wo lo mọ̀, Tahir?"

Tahir ń wo bàtà ara rẹ̀. "Kí n tó wá bá yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sírájù lọ sí pápá. Abo ẹṣin kan, tó ti fara pamọ́ bímọ, jáde látinú igbó pẹ̀lú ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀. Ó wá tààrà, ó na imú sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Sírájù bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta, ó sọ ọ́ lù ú. Ẹṣin náà ta sẹ́yìn, ó dúró, ó tún ń bọ̀. Ó sọ òmíràn, ó bà á nímú.

"Bó o bá ti rí ènìyàn, sá! Èmi gan-an, sá fún mi!"

Ó ń sọ òkúta, ó ń sunkún, títí ìyá àti ọmọ fi wọ igbó lọ.