Kí Àṣàkẹ́ Tó Fọhùn

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, òfin kan wà tí bàbá wa kì í fojú ire wo ẹni tó bá rú u: a kò gbọ́dọ̀ sọ Faransé nínú ilé. Ọmọ tó bá ṣèèṣì wí "merci" nídìí oúnjẹ, á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ sókè, ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ á sì di ti ẹlòmíì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Abidjan, ẹ ò ní pè mí ní òpùrọ́. Orúnkún mi mọ Faransé ju ẹnu mi lọ.

Àṣàkẹ́, àbúrò mi, nìkan ni kò rú òfin náà rí, nítorí kò sọ nǹkan kan rárá. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò fọhùn. Á rẹ́rìn-ín, á jó, á nàka sí ohun tó fẹ́, ó parí. Bàbá ní èdè Abidjan ti pọ̀ jù fún etí ọmọdé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì sọ̀rọ̀, òun á fi í ránṣẹ́ sí ìyá òun ní Ẹ̀jìgbò, bí àwọn ará ilé wa ti máa ń ṣe. Ìyá wa kò fẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ tó bá lọ kì í padà bó ṣe lọ. Bó bá ń já ẹ̀fọ́, bó bá ń wẹ ọmọ náà, ọ̀rọ̀ ló ń bá a sọ. Àṣàkẹ́ kàn ń wo ẹnu rẹ̀ ni.

Láràárọ̀, kí ìyá wa tó lọ sọ́jà, ó máa ń fi í sọ́dọ̀ Awa, obìnrin ẹ̀yà Jùlá tó ń ta ògì lójúde wa. Lọ́jọ́ kan, ó tètè tọjà bọ̀, ló bá gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń jà lórí ṣúgà. Àṣàkẹ́ ni! Ó ń fi èdè Jùlá bá Awa jà, geerege, láìkọsẹ̀. Ìyá wa ju igbá sílẹ̀, ó ń jó. Háà, inú wa dùn!

Bí bàbá ṣe dé, ìyá wa sáré pàdé rẹ̀: "Bàbá Àṣàkẹ́, ọmọ ti fọhùn o! Kò ní í lọ mọ́!"

Bàbá pe Àṣàkẹ́, ó bi í ní ohun tó jẹ. Jùlá lọmọ fi fèsì. Bàbá, tó jẹ́ pé Jùlá ló fi ń tajà, dá a lóhùn lédè kan náà kó tó mọ̀. Gbogbo wa ń wo orúnkún bàbá, bóyá á kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé nìkan lòfin dárúkọ. Ó wá fajú ro, ó ní àṣé ahọ́n ọmọ òun ò kú, àjèjì ló gbà á, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ lọ kíákíá. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ fi gbé e lọ. Ìyá wa sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Àṣàkẹ́ padà dé. Ẹ̀yin èèyàn, Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu! Ó ń pòwe, ó ń kí àgbà bó ti yẹ, bàbá wa ń fi yangàn káàkiri ọjà. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá wa náà, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá Àbíjàn." Bó ṣe ń pè é nìyẹn títí tí ìyá wa fi kú. Ẹ̀jìgbò ni ẹni tó ń pè ní Màmá wà.

Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ wa ní Marcory, àdúgbò mìíràn ní Abidjan, ń kí mi ní "ẹ káàárọ̀" nírọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń gba ẹran lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń bínú, mo máa ń ní èdè wa ti kú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, tó sì fi Faransé pariwo "Maman!", ìyá tó bí i gan-an ló ń sáré jáde.