Èéfín Lomé Nígbà Ìyanṣẹ́lódì

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1992, ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi. Mo dúró sórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé wa ní Hanoukopé, àdúgbò kan ní Lomé, olú ìlú Togo, mo ń retí ariwo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti èbúté bọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn kan ní iṣẹ́ ti dúró ní èbúté ṣáájú wákàtí yẹn. N kò sí níbẹ̀, n kò lè jẹ́rìí sí i.

Ohun tí a ń béèrè ni ìbò tòótọ́, àti kí àwọn ológun jókòó sí bárékè wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ni. Àwọn òbí mi ti kó àwọn àbúrò mi padà sí Ogbómọ̀ṣọ́. Èmi nìkan ló kù nínú ilé.

Kò pẹ́ tí gáàsì fi wọ́n, karosíìnì tẹ̀lé e, gbogbo àdúgbò sì padà sídìí èédú. Láràárọ̀ ni mo ń mú ẹ̀mú lọ gba ẹyín iná nílé kejì lọ́wọ́ Ìyá Komlan, ará Atakpamé, tí èdè Ifẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ Yorùbá wa. Komlan ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ló ń kọ ìwé ìléwọ́ fún ẹgbẹ́ àdúgbò. Lọ́pọ̀ ọjọ́, àwọn méjèèjì nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

“Bonjour, Òṣùwọ̀n. Ça va?” Bẹ́ẹ̀ ni Komlan ṣe kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan; Òṣùwọ̀n ni orúkọ tó sọ mí nítorí físíìsì. Ó na ìwé kan sí mi. “Fọwọ́ sí i. Ìwọ lo kàwé nípa rẹ̀.”

Ó kọ ọ́ pé ìyanṣẹ́lódì ti fọ ojú ọ̀run Lomé mọ́, pé èéfín ti dópin.

“Ti ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì dúró, mo rí i,” mo ní. “Ti ọkọ̀ náà dín kù. Ilé ìdáná ńkọ́?”

“Àṣé ìyá mi ló ń ba ayé jẹ́.”

“Gbogbo wa ni. Igi tí wọ́n ń sun di èédú, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di èéfín nínú igbó kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kábọ́nì kò sì ní àwọ̀. Ọ̀run lè mọ́ lójú kó má mọ́.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa wọn èéfín lọ, ọbẹ̀ ń jóná. Ìwọ ọmọ yìí, gbé ìkòkò rẹ wá ká jọ máa sè é. Ta ni ò ń bá jẹun níbẹ̀?”

“Màmá, ẹ ṣeun,” mo ní, ṣùgbọ́n n kò lọ gbé ìkòkò náà.

Komlan kò rẹ́rìn-ín. “Ebi ń pa àwọn òṣìṣẹ́, ìwọ ń wá àwọ̀ kábọ́nì. Ẹ̀yìn ta lo wà gan-an?”

“Ẹ̀yìn yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n ká irọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.”

Ó fi bírò pa gbólóhùn náà rẹ́, kò wò mí. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá wá gba iná, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń jáde. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 1993, ìbọn àwọn ológun dún nígboro. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Láti orí òrùlé ni mo ti ń wo àwọn èèyàn tí wọ́n ru ẹrù, tí wọ́n forí lé ọ̀nà Ablogamé, síhà ẹnubodè Benin. Èéfín ilé ìdáná ń dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ wá lẹ́yìn máa ń bi mí pé kí la jèrè. A rí i pé odindi ìlú lè dákẹ́ pọ̀. A pàdánù iṣẹ́, ilé, àti èèyàn. Ìbò tí a torí rẹ̀ dákẹ́ ṣì jẹ́ gbèsè. Ní ti èéfín, n kò lè sọ bóyá ó dín kù lápapọ̀, àbí ṣe ló kàn ṣí láti èbúté wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n ní Ìyá Komlan àti ọmọ rẹ̀ dé Cotonou. Àwọn mìíràn ní wọn kò dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí wọn nínú àwọn tó sọ ọ́.

Nígbà tí ìbọn rọlẹ̀, mo fi ẹ̀mú sílẹ̀, mo gbé ìkòkò mi lọ sílé Ìyá Komlan. Ilẹ̀kùn ọgbà ṣí sílẹ̀. Ẹnì kan ti gbé irin gígùn lé àdògán tí ìyá náà fi ń dáná, tó fi gba ìkòkò méjì. N kò mọ ẹni tó ṣe é. Mo fọwọ́ kan eérú abẹ́ rẹ̀. Ó ti tutù.