Ohun Tí Àrìnpé Kò Pa Rẹ́

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí Àrìnpé ti wá, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí òun sí, Yaba ló sì ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Kì í yára fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí oníbàárà bá dé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: "Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó sọnù?"

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún kejì tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Jameelah, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó sì ń gbé ní Ìdí-Àràbà, gbé kọ̀ǹpútà tí kò tàn dáadáa wá. Àrìnpé ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó nu gbogbo inú rẹ̀ nù, ó tún un tò, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá tí Jameelah fi ọdún kan kọ ti bá a lọ. Ọmọ náà ò pariwo. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò tiẹ̀ bi mí." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àrìnpé ju èébú lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀gbẹ́ni Christopher, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Surulere, wọlé tòun ti kọ̀ǹpútà alágbèéká lábíyá. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń kọ ìwé ìṣirò lédè Yorùbá fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò ní ẹ̀dà mìíràn. Bó bá tan ẹ̀rọ náà, àwòrán ápù funfun kékeré, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, á yọ, á sì dúró síbẹ̀ gbọin.

"Ẹni méjì ti sọ pé àfi kí wọ́n nu inú rẹ̀ nù," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀ ná, sà."

Àrìnpé pa ẹ̀rọ náà. Bó ṣe tún tàn án, kíá ló tẹ bọ́tìnì D mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ lè yẹ ara rẹ̀ wò. Kò sí ibì kankan tó bàjẹ́.

"Ara rẹ̀ le, sà. Ẹrù tó ń gbé nígbà tó bá ń jí ló pọ̀ jù."

Ó tún pa á, ó tún tàn án, ó wá tẹ Shift mọ́lẹ̀. "Èyí ń sọ fún un pé kó gbé kìkì ohun tí kò lè ṣe aláìní."

Ìka rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ẹ̀rọ ṣí, ìwé náà sì wà níbẹ̀ lódindi.

Kí Àrìnpé tó ṣe ohun mìíràn, ó da ìwé náà kọ sórí fláàṣì méjì. Lẹ́yìn náà ló rí ètò kan tí bàbá gbé sórí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó máa ń dìde fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti tàn. Ó yọ ọ́ kúrò.

Bàbá fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Ọmọ mi, kọ́ mi ní èyí tóo ṣe yẹn."

Àrìnpé ṣàlàyé fún un, bàbá sì mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dán an wò, ó tètè yọ ìka.

"Ẹ má tíì gbé ọwọ́, sà."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tó gbà fún un. Ẹni tó fi ogójì ọdún ṣe tíṣà bú sẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba máàkì. Ó wá ṣí orí kan nínú ìwé rẹ̀ fún Àrìnpé, èyí tó dá lórí ìdajì àti ìdámẹ́ta, ohun tó ti ń da obìnrin náà láàmú láti ìgbà tó wà ní kíláàsì kẹrin. Orí ìdúró ni Àrìnpé ti ka ojú ewé mẹ́ta. Ó yé e.