Àká, Òkun, Ṣálángá

Àárín ojú ni àìsàn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú Lindsay Nankervis. Tó bá wo èèyàn, etí onítọ̀hún méjèèjì ló ń rí, kì í rí imú. Dókítà ní Adelaide sọ fún un pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Coralie ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àwa tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rìmóòtù wa bàálù kékeré lẹ́yìn ìlú Wallaroo ní Ọsirélíà kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè la ń rí ara wa, tá a sì ń pe ara wa ní ọ̀rẹ́.

Mẹkáníìkì ẹ̀rọ ìkórè ni Lindsay kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí oko àlìkámà ládùúgbò wa tí Lindsay kò tíì nà gbalaja sábẹ́ ẹ̀rọ nínú rẹ̀ rí, tó bá sì wá sọ́dọ̀ rẹ, á mu tíì rẹ tán ná kó tó sọ ohun tó bàjẹ́. Òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wa ní bàálù wíwà, kò sì ní sùúrù rárá. Tó o bá fi bàálù gún ilẹ̀, á ní, "Ṣé kòtò lo fẹ́ gbẹ́ ni? Ṣọ́bìrì wà nínú mọ́tò mi."

Orí tábìlì ìdáná ni òun àti Coralie ti máa ń kan bàálù tiwọn. Lindsay á gé igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, Coralie á fi áyọ́ọ̀nù lẹ ọ̀rá pupa mọ́ ọn lára. Áyọ́ọ̀nù kan náà ló fi ń lọ aṣọ, nítorí náà kò sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Lindsay ní tí kò ní àbàwọ́n pupa lọ́rùn. Wọn ò bímọ. Coralie sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé àwọn ti sunkún ìyẹn tán, ló bá ní kí n gbé omi tíì kaná.

Ẹgbẹ́ wa ní òfin kan tí a kì í fi ṣeré: ẹni tí kò bá rí bàálù rẹ̀ lójú ọ̀run kò gbọdọ̀ wà á. Bàálù yẹn lè kéré lójú, ṣùgbọ́n eré tó ń sá lè fọ́ orí èèyàn. Ká ní a mọ̀ nípa ojú Lindsay ni, à bá gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tọkọtaya náà fi pa ẹnu pọ̀, tí wọ́n sì wá ọgbọ́n dá sí i.

Coralie á dúró sẹ́yìn èjìká rẹ̀ òsì, á máa sọ̀rọ̀ sí i létí. Kì í sọ pé òsì tàbí ọ̀tún. Orúkọ ibi ló ń pè. Àká ńlá tí wọ́n ń kó àlìkámà sí wà ní apá kan pápá wa, òkun wà ní apá kejì, ṣálángá wa sì wà lẹ́yìn wa gbọọrọ. "Àká, Lin. Àká díẹ̀ sí i. Ó tó. Òkun báyìí." Tí bàálù bá ti ń padà bọ̀ wálé, ohùn rẹ̀ á ròkè: "Ṣálángá, Lin! Ṣálángá!" Àtàǹpàkò Lindsay ló ń ṣe ìyókù.

Àwa rò pé obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ simi ni, a sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Gavan Pfeiffer, alága wa, á pariwo láti abẹ́ páànù tá a fi ṣe ibòji pé, "Coralie, tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹ, máa lọ o! Kò sẹ́ni tó dá ẹ dúró!"

"Inú fìlà ẹ ni màá tọ̀ ọ́ sí, Gavan." Á dá a lóhùn láìwẹ̀yìn, á sì máa bá ìpè rẹ̀ lọ.

Coralie kú nígbà òtútù, nídìí okùn tó ń sá aṣọ sí. Ọkàn rẹ̀ kàn ṣíwọ́ ni. Níbi ìsìnkú, omi kò jáde lójú Lindsay. Ó ń bọ̀ wá lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ń wo etí wa. Àwọn kan ní akọ ọkùnrin ni. Èmi bínú sí i díẹ̀, torí èmi ti sunkún títí imú mi fi wú.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó fóònù mi pé kí n wá gbé òun lọ sí pápá. Ó gbé bàálù pupa náà lé itan nínú mọ́tò mi títí a fi débẹ̀. Gavan ń bá mi daná sọ́séèjì lọ́wọ́ nígbà tí Lindsay wá bá a.

"Gavan, mi ò ríran."

"Kí lo wí?"

"Ojú mi ti lọ. Ó ti pẹ́. Coralie ló ń bá mi wò ó."

Gavan wò mí, èmi náà wo sọ́séèjì. Gbogbo ẹ̀rín tá a ti fi ọ̀rọ̀ ṣálángá rín wá korò lẹ́nu mi, ìtìjú sì bò mí.

"O mọ òfin, Lin."

"Ta ló kọ òfin ọ̀hún? Ṣebí èmi ni. Gavan, mi ò lè jókòó sílé kí n máa gbọ́ ariwo fíríìjì. Dúró sẹ́yìn mi, kó o máa sọ ohun tó o bá rí. Tó bá ṣeé ṣe, á jẹ́ pé mo ṣì lè máa wá. Tí kò bá ṣeé ṣe, ó parí nìyẹn."

"Jẹ́ ká lo okùn nígbà náà." Okùn yẹn la fi ń so rìmóòtù méjì pọ̀, kí olùkọ́ lè gba bàálù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

"Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ni okùn. Èmi ni mo fi okùn kọ́ ẹ, tó o ń gbọ̀n bí ajá tó bọ́ sómi."

Gavan kì í yí òfin padà fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó yíjú sí wa, ó ní, "Gbogbo yín, ẹ sọ bàálù yín kalẹ̀. Ẹ wọ abẹ́ páànù, kí ẹnikẹ́ni má yọrí." Lẹ́yìn náà ló lọ dúró sẹ́yìn Lindsay.

Bàálù náà gbéra nílẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ó ti gbéra," Gavan ń sọ. "Ó dáa. Òsì. Òsì díẹ̀ sí i. Gbé e tọ́." Ó ń jìnnà sí wa, ó ń gbọ́ràn, Lindsay sì rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Inú mi dùn débi pé mo jẹ́ kí sọ́séèjì jóná. Mo ní á ṣeé ṣe.

Ìgbà náà ni bàálù yí padà, ó kọjú sí wa. Tí bàálù bá ti kọjú sí ẹ, òsì rẹ̀ ti di ọ̀tún rẹ nìyẹn. Ohun tó ń kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ láàmú ni, Gavan fúnra rẹ̀ ló sì ń kìlọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti já. Ó rí i tí bàálù ń fì lọ sápá ọ̀tún, síbi ọgbà wáyà, ló bá ké pé, "Òsì, Lin! Òsì!" Lindsay tẹ òsì. Bàálù tún fì sí ọ̀tún jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Mo ní òsì!" Lindsay tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Gavan nawọ́ sí rìmóòtù, ó ti pẹ́ jù. Bàálù dojú dé sínú àlìkámà, a gbọ́ bó ṣe fọ́.

"Èmi ni mo fà á, Lin," Gavan ní. "Èmi ni."

"Kì í ṣe ìwọ. Coralie kì í pe òsì."

"Kí ló máa ń pè?"

"Àká. Òkun. Ṣálángá. Wọn kì í kúrò lójú kan." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti sọ fún ẹ. Mo rò pé ojú lásán ni mo fẹ́ yá."

"A máa tún un kàn. Màá kọ́ ọ. Àká ni màá máa pè."

"Pè é kí n gbọ́."

"Àká."

"Pè é bó ṣe ń pè é."

Gavan, ọkùnrin bàǹtàbanta yẹn, tẹ̀ ba, ó fẹnu sún mọ́ etí òsì Lindsay, ó rọra pè é. "Àká, Lin."

Lindsay dúró. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò mira. Ó dúró pẹ́, bí ẹni pé ìpè náà ṣì ń bọ̀.

"Kì í ṣe òun," ló wí. Ó na rìmóòtù náà sí Gavan, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú, ó ń pe Coralie, Coralie.