Àǹtí Sáùndì, Obìnrin Tó Ń Pa Èébú Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́ tí gbogbo Yaba fi mọ Àǹtí Sáùndì, ọjọ́ Sátidé kan ni, lọ́sàn-án gangan, níbi ayẹyẹ ìparí ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan ṣe. Òun ni wọ́n ní kó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè wá. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó gbé ìka lé mísà, ìyẹn pátákó oníbọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè, tí wọ́n sì fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò ga, kò sanra, awò ojú rẹ̀ sì nípọn bí ìdí ìgò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìyá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wá jókòó síbẹ̀.

Akọrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣùbòmí, ọmọ ilé-ìwé náà ni. Orin tuntun ló fẹ́ kọ, orin ọ̀hún kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa bú obìnrin lọ. Ó ní, "Ọmọge Yaba, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀lẹ ni yín, owó lẹ mọ̀. Ìyá yín ló bí yín ire. Ẹ̀yin lẹ ba ara yín jẹ́." Àǹtí ti gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń dán ẹ̀rọ wò. Ó kàn tún ìborùn rẹ̀ so.

Nígbà tí Ṣùbòmí bọ́ sórí pèpéle, bó bá ti dé ibi èébú, Àǹtí á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Bó bá kúrò níbẹ̀, á gbé e padà. Ohun tí àwọn èèyàn wá ń gbọ́ ni, "Ọmọge Yaba, ẹ sún mọ́ mi," ìlù á dá dún fúngbà díẹ̀, "Ìyá yín ló bí yín ire," ìlù á tún dá dún. Àwọn ọmọbìnrin rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ń fi àtẹ́wọ́ dí àlàfo rẹ̀, wọ́n ń jó, àwọn kan tilẹ̀ pe ìyá wọn lórí fóònù kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Ṣùbòmí ń làágùn, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹyọ èébú kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú wá bá Àǹtí. Àǹtí kò wo ojú rẹ̀.

"Ara ẹ̀rọ mi ni ò yá," ló wí. "Bó bá ti gbọ́ èébú obìnrin báyìí, ọ̀fun ẹ̀ á di."

"Àǹtí, ẹ̀rọ yín ti ba orin mi jẹ́."

"Wẹ̀yìn ẹ."

Ṣùbòmí wẹ̀yìn. Àwọn ọmọbìnrin bí ọgbọ̀n ti tò sílà, wọ́n fẹ́ bá a ya fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ kejì ló gba sítúdíò lọ láti ká orin náà sílẹ̀. Bí Àǹtí ṣe gé e náà ló ṣe ká a sílẹ̀, kò dá èébú kan padà síbẹ̀.

Motọ́lání Akínlabí ni orúkọ tí wọ́n sọ Àǹtí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Mushin láti máa tún rédíò ṣe. Bàbá náà bí ọkùnrin mẹ́ta, àwọn ló sì ń kọ́ níṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fún Motọ́lání ni kó máa gbé oúnjẹ wá fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá gbọ́dọ̀ dúró gba abọ́, ibi tó ti ń dúró gba abọ́ náà ló sì ti fi ojú kọ́ iṣẹ́ náà. Ọlọ́run tún bá a ṣe é, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í yára jẹun.

Nígbà tí bàbá fi darúgbó, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti ń ta páàtì mọ́tò, ọ̀kan ti gba Kútọnu lọ, ẹ̀kẹta ti di pásítọ̀. Motọ́lání nìkan ló kù sídìí irin iṣẹ́. Bàbá wá ń sọ kiri pé òun fúnra òun ló kọ́ ọ. Kò já bàbá nírọ́ rí, ó ní àgbà tó bá ti kábàámọ̀, kí èèyàn jẹ́ kó kábàámọ̀ bó ṣe wù ú.

Ohun tó ń bí i nínú jù láyé ni kí èèyàn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó rí i lójúkojú, kó tún bi í pé ọ̀gá ńkọ́. Kì í jà. Á ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ pè é wá. Á wọlé lọ, á dé fìlà bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé, á sì tún jáde. Á ní, "Ẹ káàbọ̀. Kí la fẹ́ ṣe?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á bínú lọ. Díákónì kan wá láti Surulere, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa. Fìlà ló rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tó fi mọ̀ pé obìnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ kan ti kanlẹ̀. Ó ní bí òun ti rìn ín dé ìdajì yìí, ẹ jẹ́ kí òun kúkú parí ẹ̀.

Ibi ayẹyẹ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ni Àǹtí ti pàdé Mujeebah. Ọmọ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yaba, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn. Nínú ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin ló ń ta gìtá, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí mísà. Àwọn obìnrin á gbe orin, bí wọ́n bá gbè é tán, wọ́n á lọ bu ìrẹsì fún àlejò. Bó ṣe rí látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, Mujeebah wá dúró sẹ́yìn Àǹtí, ó ń wo ìka rẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Ààrẹ ẹgbẹ́ pè é pé ìrẹsì ti ń tutù.

Àǹtí yíjú padà. Ó bi ààrẹ pé nínú òun àti Mujeebah, ta ni apá rẹ̀ le jù. Ààrẹ ní òun ni. Àǹtí ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ìkòkò ìrẹsì yẹn wúwo, ẹni tí apá rẹ̀ le ni kó lọ dojú kọ ọ́. Ààrẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì, àwọn ọmọbìnrin ti na abọ́ sí i. Ìrẹsì tó bù lọ́jọ́ náà, ẹran rẹ̀ ò kárí, àmọ́ kò fọ́ àwo kankan.

Bí Mujeebah ṣe di ọmọṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Mujeebah, tó ń ta bàtà ní Ọ̀yìngbò, ní òun ò gbà. Ó ní ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin tó ń gbé sípíkà lérí. Àǹtí lọ bẹ̀ ẹ́ ní Jímọ́ọ̀ mẹ́ta léraléra kó tó rọ̀, nígbà tó sì rọ̀ náà, ó fún un ní gbèdéke.

"Ọdún méjì péré," ló wí. "Bí ọdún méjì bá pé tí kò tíì gba frídọ̀ọ̀mù, Ìbàdàn ló ń lọ. Á lọ máa bá àbúrò mi ta aṣọ."

Frídọ̀ọ̀mù ni ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń gbàdúrà fún ọmọṣẹ́, tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ á fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, tí òun náà á lè dá dúró. Mujeebah ń lọ sí kíláàsì láàárọ̀, á wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé Àǹtí máa ń bá a jà pé kó jẹ́ kí òun náà fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí ọdún méjì pé ni àìsàn ọkàn dá Àǹtí dúró sí ọsibítù. Dókítà bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ikú ò tilẹ̀ bà á tó ti òfin ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wọn. Òfin náà ti pẹ́: bí ọ̀gá bá kú kó tó fi ọmọṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọdún tí ọmọ náà ti fi kọ́ṣẹ́ ti di òfo, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Kò sì sí ọ̀gá mìíràn ní gbogbo Mushin tó ń gba obìnrin. Mujeebah ò lè jẹun mọ́. Ó ń ti ọsibítù délé, ó ń rí báàgì tí bàbá rẹ̀ ti rà sílẹ̀ fún ìrìn-àjò Ìbàdàn.

Àǹtí ranṣẹ́ pe Bámidélé, alága ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ni wọ́n lọ́jọ́ orí, ó sì ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ibi tó yẹ kí èèyàn gbé sípíkà sí. Bámidélé gbé ọsàn wá. Ó fúnra rẹ̀ bó o, ó sì jókòó tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí dá ọ̀rọ̀ frídọ̀ọ̀mù sílẹ̀, ó ní òfin lòfin, ọdún méjì ni ẹgbẹ́ dá, ọjọ́ ò tíì pé.

"Ọjọ́ ta ni ò tíì pé, Bámidélé?" ni Àǹtí wí. "Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé."

Bámidélé gbé ọsàn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun lè fojú fo ọjọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fojú fo ìdánwò: ọmọ náà gbọ́dọ̀ to ẹ̀rọ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn kí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì Margaret, tó ń wo ìfúnpá Àǹtí lọ́wọ́, ló bá dá sí i. Ó ní sípíkà gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà máa ń han gooro láràárọ̀ bí àwọn bá ń gbàdúrà. Èèyàn méjì ló ti wá tún un ṣe, ṣe ló ń le sí i. Etí ni àwọn aláìsàn ń dì kí wọ́n tó ṣe àmín. Bámidélé ní ìdánwò ọmọ náà nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti Àǹtí jáde. Gbọ̀ngàn kún. Bàbá Mujeebah náà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mujeebah bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Àǹtí sì ká ọwọ́ lé itan, torí ìdánwò nìdánwò. Ọmọ náà tọ okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rí i pé ẹ̀yìn ẹni tó ń gbàdúrà ni wọ́n gbé sípíkà sí, ohùn tó bá jáde níbẹ̀ ló tún ń wọnú máíkì padà. Ó gbé sípíkà síwájú, ó pààrọ̀ okùn kan tó ti já nínú, ó dín ohùn tín-ín-rín kù. Bámidélé ti lọ dúró ní ìkángun gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ́, ó ká apá mọ́yà.

Christianah, tó máa ń ṣáájú àdúrà, na máíkì jìnnà sí ara rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó dijú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Ohùn rẹ̀ jáde kedere, kò sí ariwo kankan. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú kọjú sí aládùúgbò rẹ̀.

"Áà, ṣé ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Bámidélé rìn padà láti ìkángun. Ó ní ó dùn. Ó ní ó dùn dé ilé ìgbẹ́. Apá kẹ̀kẹ́ Àǹtí ló fi ṣe tábìlì tó fi fọwọ́ síwèé. Mujeebah kúnlẹ̀, Àǹtí gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ní kí wọ́n gbé máíkì wá kí gbogbo èèyàn lè ṣe ẹlẹ́rìí.

"Mujeebah, mo fi ọ́ sílẹ̀ tọkàntọkàn. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Obìnrin tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, o ò gbọ́dọ̀ lé e."

Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ṣe àmín, kò sẹ́ni tó di etí. Bàbá Mujeebah bọ́ síta, ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago n'Ìbàdàn pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a ta aṣọ. Ara tu gbogbo èèyàn. Àǹtí sùn títí ọjọ́ fi rọ̀, Margaret sì ń lọ wò ó léraléra, ó ń bá a níbi tó ti ń hanrun.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà ni Àǹtí kú. Ìpè Margaret bá Mujeebah nídìí mísà ní Yaba, níbi ayẹyẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà lórúkọ ara rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣeré dópin. Ìgbà tí wọ́n tú ká ló tó jókòó sórí àpótí sípíkà, tó sunkún. Ó ní òun sun ún dáadáa, ṣùgbọ́n ọkàn òun balẹ̀. Ká ní Àǹtí dúró de ọjọ́ tí ẹgbẹ́ dá ni, Ìbàdàn ni ikú rẹ̀ ì bá lé òun lọ, sáàárín aṣọ. Obìnrin tó lè fi ọ̀sán gbáko wá ìdí ariwo inú okùn kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan péré la rí i tó kánjú láyé ẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló sì kánjú fún.