Ìbéèrè Tí N Kò Béèrè Nílé Oúnjẹ Ṣáínà

Òórùn atalẹ̀ àti ooru omi gbígbóná ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà tó wà ládùúgbò Challenge nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo ti ríṣẹ́, mo sì fẹ́ kí bàbá mi jẹ nínú ohun tí ojú mi ti là sí. Ìwọ náà mọ bí a ṣe rí nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi. A rò pé kò sí ohun tí a kò mọ̀.

Wọ́n gbé dímúsọ́ọ̀mù wá nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun kéékèèké, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pípò tẹ́ẹ́rẹ́ wé, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Bàbá wò ó títí.

"Àwọn èèyàn yìí mà ń da ẹ̀wù bo ẹran," ó ní. "Kí ló ń tì í lójú?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kàn án. Bàbá kì í jẹ ẹran tí kò bá mọ ẹni tó dúńbú rẹ̀. Kódà níbi ìnáwó ẹbí, á kọ́kọ́ béèrè.

"Ta ló dúńbú èyí?"

"Adìẹ ni, Bàbá. Mùsùlùmí ló pa á. Mo ti béèrè lọ́wọ́ wọn."

N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwòrán kan ni mo kàn nawọ́ sí nínú ìwé oúnjẹ wọn, torí ojú ń tì mí láti béèrè irú ìyẹn láàárín àwọn oníkóòtù tó yí wa ká. Bàbá ṣe bísímíláì, ó jẹ mẹ́fà, ó ń lá ìka.

Ó ti lọ fọwọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ ń sọ fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi pé, "Ti ẹlẹ́dẹ̀ wà, ti adìẹ náà wà. Èwo lẹ fẹ́?" Mo lè pè é kí n bi í pé èwo ló gbé wá fún wa. Mo tẹrí ba, mo ń wo apẹ̀rẹ̀ tó ti ṣófo.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọ oúnjẹ gbogbo. "Oúnjẹ Ṣáínà ọjọ́sí yẹn," ó ní, "ó wù mí kí n tún tọ́ ọ wò." Mo ní wọ́n ti kó lọ. Wọn kò kó lọ. Bí mo bá dé ibẹ̀ tí mo béèrè ti adìẹ, wọn óò fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, n óò sì mọ èyí tí Bàbá jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ìyẹn sì bà mí ju ebi tó ń pa á lọ. Ó ní kò burú, ó kọjú sí ògiri. Kò pẹ́ tó fi kú.

Àwọn ààfáà ti sọ fún mi pé ẹni tó jẹ láìmọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra tí ọkùnrin yẹn fi gbé gbogbo ayé rẹ̀, ẹnu mi ló mú un gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá bi í léèrè lọ́run, yóò kàn dáhùn pé ọmọ òun ti bá òun béèrè.